Apá Kán, Wọ́n Kọ Ọ́ ní "Injury": Lẹ́tà sí Àwọn Adájọ́ Àgbà Ilẹ̀ Yorùbá

Ẹ̀yin Adájọ́ Àgbà ní ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó, Èkìtì àti Kwara, àti ẹ̀yin Kọmíṣọ́nnà fún Ètò Ìdájọ́ ní àwọn ìpínlẹ̀ náà,

Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. N kì í ṣe lọ́yà, n kò sì ní ẹjọ́ kankan níwájú yín. Ohun tó mú mi gbé kálàmù ni ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n túmọ̀ ní ìṣojú mi ní kóòtù Majísíréètì kan, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ọmọ ọlọ́mọ wọ ẹ̀wọ̀n.

Ọmọ aládùúgbò mi ni, ọmọ ọdún 22, ó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wẹ́dà. Òun àti ọmọ iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jà nítorí owó oúnjẹ. Ó tì í, ìyẹn ṣubú lé irin géètì tí wọ́n ń jó lọ́wọ́, apá rẹ̀ ọ̀tún sì kán. Èmi ni mo lọ ṣe oníduùró fún un, nítorí ìyá rẹ̀ kò ní ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e dé kóòtù, akọ̀wé dìde, ó ka ẹ̀sùn náà lédè Gẹ̀ẹ́sì wàràwàrà, bí ẹni tó ń sáré bá mọ́tò. Ọ̀rọ̀ tó gbé ẹ̀sùn náà ró ni "grievous harm". Ó wá yíjú sí ọmọ náà, ó ní: "Wọ́n ní o ṣe ọmọkùnrin yìí ní jàǹbá tó bani nínú jẹ́. Ṣé òótọ́ ni?"

Ọmọ náà ti ń sunkún láti àárọ̀. Ó dáhùn pé: "Òótọ́ ni, sà. Ó bà mí nínú jẹ́ gan-an."

Akọ̀wé yíjú sí adájọ́, ó ní ọmọ náà gbà pé òun jẹ̀bi. Mo rí i tí kálàmù adájọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí ìwé. Ọlọ́run ló ní kí lọ́yà ọ̀dọ́ kan, tí ẹjọ́ mìíràn gbé wá, wà níbẹ̀. Ó dìde, ó tẹrí ba, ó bẹ kóòtù pé kí wọ́n tún ẹ̀sùn náà kà lọ́nà tí yóò fi yé ọmọ náà. Adájọ́ kò bínú. Ó gbé kálàmù sílẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, akọ̀wé kò wá ọ̀rọ̀ ńlá kankan mọ́. Ó nawọ́ sí ọmọ tí wọ́n fi báńdéèjì gbé lápá kọ́ ọrùn, ó ní: "Wọ́n ní ìwọ lo kán an lápá. Ṣé ìwọ ni?"

"Èmi kọ́, sà! Mo tì í ni. Irin ló ṣubú lé, ibẹ̀ lapá rẹ̀ ti kán."

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ìdáhùn méjèèjì yẹn. Kò sí ohun tuntun tó ṣẹlẹ̀ láàárín wọn. Ọmọ kan náà ni, ọjọ́ kan náà, apá kan náà. Ohun tó yí padà kò ju ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé fi bi í léèrè. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ó sọ pé inú òun bàjẹ́, wọ́n sì gbọ́ ọ pé ó jẹ̀bi. Ní ìgbà kejì, ó gbé gbogbo àwíjàre rẹ̀ kalẹ̀ ní gbólóhùn mẹ́ta, láìsí lọ́yà tó kọ́ ọ.

Ibi tí ìbànújẹ́ ti wọ ọ̀rọ̀ náà kò fara sin. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, "grievous" àti "grief" ọmọ ìyá kan ni wọ́n, inú ọ̀rọ̀ Látìn kan tó túmọ̀ sí "wúwo" ni wọ́n ti jáde wá. Ọ̀kan lọ sí ọkàn ènìyàn, ó di ẹ̀dùn. Èkejì dúró sí kóòtù, kò sì mọ ẹ̀dùn kankan: ìpalára tó wúwo ló ń sọ. Akọ̀wé yẹn gbọ́ èyí tó máa ń gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ibi ìsìnkú. N kò dá a lẹ́bi. Ta ló jókòó tì í rí láti kọ́ ọ? Kò sí ìwé kankan lórí tábìlì rẹ̀ tó lè bojú wò kó tó la ẹnu.

Bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Nínú Criminal Code tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ wa jogún, ẹni tó bá lu ẹlòmíràn tí ìyẹn sì farapa lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún 3, lábẹ́ abala 355. Bó bá jẹ́ pé ọgbẹ́ ló dá sí i lára, ọdún 3 náà ni, ní abala 338. Bí ìpalára náà bá wá di "grievous", abala 335 ti gbé e dé ọdún 7. Bó bá ṣe é pẹ̀lú èrò àtisọ ọ́ di aláàbọ̀ ara tàbí àtiba ojú rẹ̀ jẹ́, abala 332 sọ pé ẹ̀wọ̀n gbére. Òkè mẹ́ta ni wọ́n, ọ̀kan ga ju èkejì lọ. Ẹ wá jókòó sí ẹ̀yìn kóòtù ní ọjọ́ Ajé, kí ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á fún àwọn tó wà nínú àpótí: "Wọ́n ní o ṣe é léṣe." "Wọ́n ní o pa á lára." Ọdún 3, ọdún 7, gbére, gbólóhùn kan náà ni gbogbo wọn ń gbà jáde.

Èyí tó tilẹ̀ ń dẹ́rù bà mí jù ni abala 316. Bí ẹnìkan bá fẹ́ ṣe ẹlòmíràn ní "grievous harm" tí ìyẹn bá kú, ìpànìyàn ni òfin pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní i lọ́kàn láti pa á. Ikú sì ni ìjìyà rẹ̀ ní abala 319. Ẹ wá ro ohun tí ọmọ Yorùbá tí jìnnìjìnnì bá máa ń sọ ní àgọ́ ọlọ́pàá láti fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀: "Ẹ dákun, n kò fẹ́ pa á o, mo kàn fẹ́ ṣe é léṣe ni." Lójú tirẹ̀, ó ti bọ́. Ó rò pé òun ti ya ara òun sọ́tọ̀ kúrò lára apànìyàn. Báwo ni ọlọ́pàá tó ń kọ ọ́ yóò ṣe túmọ̀ "ṣe é léṣe"? Ìpalára díẹ̀ ni àbí èyí tó wúwo? Ìgbátí ni àbí àdá? Yorùbá kò sọ ìwọ̀n rẹ̀ níbẹ̀, nítorí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò mọ̀ pé ìwọ̀n ni wọ́n ń wá. Ẹni tó ń túmọ̀ ló máa fi ìwọ̀n sí i látọ̀dọ̀ ara rẹ̀, ọrùn ènìyàn sì wà lórí òṣùwọ̀n náà.

Kò tán síbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń wú lára ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, bẹ́ẹ̀ náà ló ń sún kì lára ẹni tí wọ́n ṣe léṣe.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, aránṣọ ni. Ọmọ onílé rẹ̀ wá bá a jà nítorí owó iná. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dé àgọ́ ọlọ́pàá, èmi ni mo dì í mú. Mo ṣì ń gbọ́ ohun tó sọ létí mi títí di òní: "Ó ja yẹtí mi, etí mi sì ya sí méjì. Ó fi ìlẹ̀kùn pa mí lọ́wọ́, àtàǹpàkò mi kò ká mọ́." Gbólóhùn méjì péré, ó sọ ibi tó dùn ún, ó sọ ohun tí wọ́n fi ṣe é, ó sọ ohun tí ara rẹ̀ kò lè ṣe mọ́. Ọlọ́pàá tó wà níwájú wa kọ ọ́ sílẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ọkùnrin náà lu òun, òun sì "sustained injuries". Ó ní kó tẹ̀ka. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìka òsì tẹ̀ ẹ́, nítorí àtàǹpàkò ọ̀tún ti wú.

Oṣù 8 lẹ́yìn náà, lọ́yà ọmọ onílé gbé ìwé yẹn sókè ní kóòtù. Ó ní, "Màmá, níbo ni ẹ ti dárúkọ etí níbí?" Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ kan etí rẹ̀. Ó ní òun sọ ọ́. Lọ́yà ní ìwé kò sọ ọ́, pé ẹ̀yìn ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ronú kan ọ̀rọ̀ etí yìí. Dọ́kítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ti kọ tirẹ̀ pé "soft tissue injury" ni ti ọwọ́, èyí tí í ṣe pé eegun kò kán, pé iṣan àti ẹran ara ló farapa. Òótọ́ ni dọ́kítà sọ. Àmọ́ gbogbo ẹni tó gbọ́ "soft" ní kóòtù lọ́jọ́ náà mí kanlẹ̀, bí ẹni pé wọ́n ní nǹkan rírọ̀ ló bà á. Iṣan tó bá já kì í jẹ́ kí aránṣọ mú abẹ́rẹ́ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti ta máṣíìnì rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ etí yẹn kò kúrò lọ́kàn mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn àwọn ọ̀rọ̀ òfin wọ̀nyí. Mo rí i pé etí àti imú ti fìyà jẹ àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Láyé àtijọ́, ọ̀rọ̀ tí òfin wọn ní fún ìpalára tó burú jù ni "mayhem", tí "maim" jẹ́ ìkejì rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ara ló wà fún. Ẹ̀yà ara tí ọkùnrin fi ń jagun nìkan ni: ojú, ọwọ́, ìka, àní eyín iwájú. Bí wọ́n bá gé ọ létí tàbí nímú, Blackstone, àgbà onímọ̀ òfin wọn ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ṣàlàyé pé kò wọ inú ọ̀rọ̀ náà, nítorí ẹwà nìkan lo pàdánù, o ṣì lè di idà mú. Ní 1670, àwọn kan dá Sir John Coventry, ọmọ ilé aṣòfin, lọ́nà ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì la imú rẹ̀ nítorí pé ó fi ọ̀rọ̀ kan ọba Charles Kejì. Òfin wọn kò ní orúkọ tó tó fún imú tí wọ́n là. Kíá ni ilé aṣòfin ṣe òfin tuntun ní 1671, tí a mọ̀ sí òfin Coventry, kí imú àti ètè náà lè ní olùgbèjà. Imú ọmọ ilé aṣòfin yí òfin padà láàárín oṣù díẹ̀. Etí aránṣọ kò rí ìlà kan nínú sítétíméǹtì.

Lónìí, "mayhem" kan náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ariwo ọmọdé nínú ilé. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń fẹ̀ nìyẹn. Òfin ló ń dì í mú sójú kan, òfin náà kì í sì í rí i dì mú tán. Láti ọdún 1861 tí wọ́n ti kọ "grievous bodily harm" sínú òfin tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn adájọ́ wọn kò yé jiyàn lórí rẹ̀. Nínú ẹjọ́ DPP v Smith, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ wọn nígbà náà sọ pé kò ju "èyí tó burú gan-an" lọ. Ẹjọ́ mìíràn tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1984 jẹ́ ti ọmọdékùnrin kan tí ọta ìbọn onífẹ́ẹ́fẹ́ bà nítòsí ojú, tí ẹ̀jẹ̀ sì dà sínú ẹyinjú rẹ̀. Kóòtù ní kì í ṣe "wound", nítorí awọ òde kò là. Bí àwọn tó fi èdè yìí mu ọyàn bá ń bá a wọ̀yá ìjà báyìí, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀rí wo ni a ní pé ó yé àgbẹ̀ tí wọ́n gbé wá láti oko lánàá?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí níbi tí n kò rò. Ìlú Ọ̀fà àti Òkukù kò jìnnà síra. Ọ̀nà rélùwéè kan náà ló gba inú wọn kọjá. Bí wọ́n bá yọ ènìyàn léyín nínú ìjà ní Òkukù, Criminal Code ti Ọ̀ṣun ló máa dá a, èyí tí Lugard mú wọ Àríwá ní 1904, tó sì kan gbogbo Nàìjíríà ní 1916, láti ara òfin tí wọ́n kọ fún Queensland ní Ọsirélíà. Àwọn agbẹjọ́rò á wá máa jiyàn bóyá eyín kan tó "serious". Bí ó bá jẹ́ Ọ̀fà ni, Penal Code ti Àríwá ni, tí ó gba Sùdáánì wá láti Íńdíà, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960. Òfin yẹn kò fi ìwọ̀n sílẹ̀ fún àròyé. Ó ka ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ara ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: kí ojú kan fọ́, kí etí kan di, kí ènìyàn má lè sọ̀rọ̀ mọ́, kí ojú tàbí orí bàjẹ́ títí láé, kí eegun tàbí eyín kán tàbí kó yẹ̀, tàbí kí ènìyàn wà nínú ìrora ńlá tàbí kó má lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ fún ogún ọjọ́. Mo kà á, mo rẹ́rìn-ín ayọ̀. Bí ìyá mi ì bá ṣe sọ ọ́ nìyẹn.

Nítorí bí Yorùbá ṣe ń sọ̀rọ̀ ìpalára gan-an nìyẹn. A kì í fi òṣùwọ̀n kan wọn gbogbo ara. Eegun ni í kán. Oríkèé ni í yẹ̀. Ọrùn ẹsẹ̀ ni í rọ́. Iṣan ni í fà tàbí kó já. Awọ ni í bó. Orí ni í là. Ojú ni í fọ́. Etí ni í ya, òun náà ni í di. Eyín ni í yọ. Ẹ̀jẹ̀ ni í dì sínú tí òde kò ní rí i. A mọ ọgbẹ́ yàtọ̀ sí egbò, a sì mọ àwọn méjèèjì yàtọ̀ sí àpá. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó bá ṣubú lórí igi máńgòrò á sọ èyí tó ṣe é láìṣìnà. Tí a bá ní kí ènìyàn tó ní gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lẹ́nu wá gba "ìpalára" lásán, a ti gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, a fún un ní ṣẹ́ńjì tí kò pé. (Ẹ̀yin oníròyìn wa náà, ẹ gbọ́ o. Ojoojúmọ́ la ń gbọ́ lórí rédíò pé èrò ọkọ̀ "farapa yánnayànna". Ta ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, ta ni iná jó? Àwọn ará ilé wọn ń tẹ́tí.)

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Ẹ má ṣe ní kí akọ̀wé wá ọ̀rọ̀ Yorùbá kan tó máa bá "grievous" dọ́gba. Kò sí i, kò sì sídìí tó fi yẹ kó wà. Ẹ ní kí ó kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ara, àti ọwọ́ tí wọ́n ní ó ṣe é, kó tó sọ iye ọdún tí òfin gbé lé e: "Wọ́n ní o fi igi gbá a lápá, apá rẹ̀ sì kán. Bí kóòtù bá rí i pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 7. Kí lo rí sí i?" Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 fúnra rẹ̀, ní abala 36, ti sọ pé kí wọ́n sọ ẹ̀sùn fún ènìyàn ní èdè tó yé e, pẹ̀lú àlàyé kíkún, kí wọ́n sì fún un ní ògbufọ̀ láìgba kọ́bọ̀. Èdè tó yé ènìyàn kọjá pé kí wọ́n ti "harm" bọ inú "ìpalára".

Àti àgọ́ ọlọ́pàá. Mo mọ̀ pé ọlọ́pàá kò sí lábẹ́ yín. Àmọ́ kóòtù yín ló ń gba ìwé wọn wọlé. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn ilé ẹjọ́ wa ti ń sọ pé èdè tí ènìyàn fi sọ̀rọ̀ ni kí wọ́n fi kọ ọ́, kí wọ́n tó túmọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìwé Yorùbá náà lójoojúmọ́, wọn á máa kọ ọ́. Etí ẹ̀gbọ́n mi ì bá ti wà nínú rẹ̀.

Ẹni kan lè sọ pé èdè òfin ni Gẹ̀ẹ́sì, pé bí a bá jẹ́ kí Yorùbá wọlé, ọ̀rọ̀ á fọ́n ká. Mo gbọ́ èyí nígbà tí mo ṣì ń kọ́ ọmọ níléèwé, nígbà tí wọ́n ní a kò lè fi Yorùbá kọ́ni ní gírámà Yorùbá. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa jókòó, Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tó jáde ní 1984, Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe apá kejì ní 1990. Láti ìgbà náà, a ń fi Yorùbá pe ọ̀rọ̀ orúkọ, ọ̀rọ̀ ìṣe àti fọ́nrán ìhun, kò sì sí ọmọ tó sọnù nínú ẹ̀. Ẹ kó àwọn dọ́kítà díẹ̀ jọ, àwọn akọ̀wé kóòtù tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, lọ́yà, àti àwọn teegunteegun wa tí wọ́n mọ bí eegun ṣe ń kán ju gbogbo wa lọ. Ìwé kékeré kan tó lè wọ àpò ni kí ó ti ọwọ́ wọn jáde.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ tèmi nínú ìwé ìkọ̀wé ọmọléèwé kan. Mo kọ orúkọ ẹ̀yà ara sí apá òsì, mo kọ ohun tó lè ṣe é sí apá ọ̀tún. Mo lọ bá teegunteegun méjì àti nọ́ọ̀sì kan, wọ́n ṣàtúnṣe sí i fún mi. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ránṣẹ́ pè mí, màá mú un wá, n kò béèrè owó ọkọ̀.

Wọ́n ti sún ẹjọ́ ọmọ wẹ́dà náà sí oṣù tó ń bọ̀. Wọ́n ní wọ́n máa gbé ẹ̀sùn mìíràn mọ́ ti àkọ́kọ́, wọ́n á sì tún un kà fún un. Akọ̀wé kan náà ni yóò kà á.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Olùkọ́ Yorùbá tó ti fẹ̀yìn tì